Ẹ gbà mí o, kòkòrò ti bo frangipani, igi òdòdó mi

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Mo ṣí kọ́tìnnì láàárọ̀ yìí mo rí nǹkan pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ frangipani mi láti ìdí dókè, mo rò pé èèpo ni, mo fi èékánná họ ọ́, ó bọ́, omi yẹ́lò jáde lábẹ́ ẹ̀. Ojú fèrèsé gan-an ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ó ti ń wọ́wé, ẹ̀ka kan sì ti ń rọ̀. Ṣé kí n gé ẹ̀ka yẹn ni àbí kí n dúró? Irú ẹ̀ ló wà lójúlé bàbá mi l'Àgbádárìgì, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Houston:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní scale nìyẹn. Bí ìpẹ́ ẹja ló ṣe rí, abẹ́ ìpẹ́ yẹn ló wà tó ń fa oje igi mu, ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń lẹ̀ lójú fèrèsé. Ẹ gbé e kúrò láàárín àwọn yòókù LÓNÌÍ. Èmi fi tèmi sílẹ̀ nígbà yẹn, kí n tó mọ̀ ó ti wọ ara ọsàn wẹ́wẹ́ méjì tí ìyàwó mi ń tọ́jú, gbogbo ẹ̀ la dànù, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán nílé wa dòní. Ti ewé, ẹ fọkàn balẹ̀, ó máa ń wọ́wé nígbà òtútù.

Àbúrò Ìkòròdú, Dublin:
Sípírítì o! Èyí tí wọ́n kọ 70% sí lára, kẹ́mísì ń tà á. Ẹ fi òwú nù ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ ha àwọn oríkèé. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 10, torí àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì ní ìpẹ́ ń rìn kiri, ojú ò rí wọn dáadáa. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré mo sinmi, kò pé oṣù kan wọ́n ti kún padà.

Ọmọ Alágbọn, Toronto:
Ẹ má fi ọṣẹ abọ́ kàn án o! Mo po ọṣẹ abọ́ mọ́ òróró ìdáná mo fọ́n ọn sí tèmi, ewé jó dúdú.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Houston:
Kì í ṣe ọṣẹ. Ibo lẹ gbé e sí lẹ́yìn ìyẹn?

Ọmọ Alágbọn, Toronto:
Ìta. Oṣù keje ni, oòrùn wà.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Houston:
Òróró, oòrùn. Ẹ dín in ni! 😂

Àbúrò Ìkòròdú, Dublin:
Ẹ̀gbọ́n, ọṣẹ náà jẹ̀bi. Ọṣẹ abọ́ ń bó ìda tó ń dán lójú ewé, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ta ọṣẹ igi lọ́tọ̀. Síbí mélòó lẹ fi sí i?

Ọmọ Alágbọn, Toronto:
Mẹ́fà, sí jọ́ọ̀gì kan.

Àbúrò Ìkòròdú, Dublin:
Háà.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Houston:
Mo ṣì sọ pé oòrùn ni.

Màmá Peckham:
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí n wí tèmi. Òróró dóńgóyárò ni, neem ni wọ́n ń pè é níbí. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ fọ́n ọn. Ẹ wò ó bóyá èèrà wà lára igi náà, wọ́n ń ṣọ́ kòkòrò yẹn bí darandaran ṣe ń ṣọ́ màlúù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, oje funfun igi yẹn ń yún ara. Mo ṣí ìgò dóńgóyárò yẹn lọ́jọ́sí, òórùn ẹ̀ gbé mi lọ tààrà sídìí ìkòkò àgbo ìyá mi n'Ìkòròdú, mo jókòó mo sunkún.

Àbúrò Ìkòròdú, Dublin:
Màmá ẹ pẹ̀lẹ́. Ìkòròdú Ọ̀gá!

Ọmọ Alágbọn, Toronto:
Ọ̀gá bíi ti báwo? Ní 1845 àwa ti ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì l'Àgbádárìgì.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Houston:
Ẹ jẹ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yó. Ẹja tútù l'Ẹ̀pẹ́ ń jẹ. Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ ṣì ń bomi rin igi yẹn?

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Houston:
Yéè! Ẹ dáwọ́ dúró, ó ń sùn ni, omi ló máa ń jẹ ẹ́ ní gbòǹgbò nírú ìgbà báyìí.

Àbúrò Ìkòròdú, Dublin:
Ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé igi yẹn kì í ṣe ti ilẹ̀ wa, apá Mẹ́síkò ló ti wá.

Màmá Peckham:
Ó ti pẹ́ lójúlé bàbá ẹ̀, ó ti di ọmọ Àgbádárìgì. Ta ló ń lọ sílé ní December? Mo fẹ́ ìkọ́kọrẹ́ gidi.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Houston:
Èmi ń lọ mà. Ẹja gbígbẹ ni mo lè bá yín gbé bọ̀.

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Mo ti ra sípírítì o, mo ti nù ún dé ìdajì, ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀ka tó ń rọ̀ yẹn ńkọ́, kí n gé e?

Ọmọ Alágbọn, Toronto:
Ẹ bá mi mú àgbọn bọ̀ náà.