Òkúta kì í ṣẹ́: lórí “ìṣẹ́-àpáta”

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa gbé wá ní Ọjọ́bọ̀, pé nínú àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ tí a ń ṣe fún àwọn olùkọ́, kí a pe bí àpáta àti gíláàsì ṣe ń fọ́ ní “ìṣẹ́”, kí a sì pe ìmọ̀ tí ń fi ìṣirò wádìí rẹ̀ ní “ìṣirò ìṣẹ́-àpáta”. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ẹni tí ó bá gbọ́ “ìṣẹ́”, òṣì ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Bí òǹtẹ̀wé bá sì gbàgbé àmì orí “ì”, ó di iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe. Èyí tí ó burú ju ti ohùn lọ ni pé òkúta kì í ṣẹ́. Igi ni ó ń ṣẹ́, egungun ni ó ń ṣẹ́, nítorí ohun gbọọrọ ni wọ́n. Àwọn ìyá tí ń fi òòlù wá oúnjẹ òòjọ́ wọn lẹ́bàá àpáta ní Abẹ́òkúta, òkúta ni wọ́n ń fọ́. Àwọn baba wa náà kò sì sọ pé ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, ṣíṣẹ́ ni yóò ṣẹ́.

Ẹni kejì tí ó dá sí i ní kí a má lo “sán” fún ohun tí ó là, kí a fi í sílẹ̀ fún àrá tí ń sán àti fún bàǹtẹ́ tí a ń sán. N kò gbà. Ìyá ìyá mi ta ìkòkò Ìpetumodù títí ó fi darúgbó. Bí ẹrù bá dé, yóò gbé ìkòkò kọ̀ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, yóò fi oríkèé ìka gbá a lára, yóò sì dẹtí. Èyí tí ó bá dún gooro bí agogo, ó di títà. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá há, yóò ní, “Èyí ti sán,” bí ojú ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rí ojú ibẹ̀. Ìkòkò náà kò tíì fọ́ o. Ó ti sán ni.

Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ìmọ̀ náà dúró lé. Ní 1921, Griffith, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi gíláàsì ṣàlàyé pé ìsán tín-ń-tín, ìyẹn ojú ibi tí nǹkan ti sán, tí ó ti wà lára nǹkan tẹ́lẹ̀ ni ipá ń kóra jọ sí ní ṣóńṣó rẹ̀, tí nǹkan náà fi ń fọ́. Ní 1939, Weibull, ará Sweden, sọ ọ́ di ìṣirò: bí ẹ bá fi amọ̀ kan náà mọ ọgọ́rùn-ún àwo, tí ẹ sì sun wọ́n nínú iná kan náà, ipá tí yóò fọ́ wọn kò ní dọ́gba, nítorí ìsán tí ó burú jù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń pinnu ìwọ̀n tí yóò lè gbà. Ibi tí okùn bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ti ń já. Bí ara nǹkan bá sì ṣe tóbi tó ni àyè ṣe gba ìsán burúkú lára rẹ̀ tó.

Ẹ wá wo “ì” tí ó bẹ̀rẹ̀ “ìsán” dáadáa, nítorí ọ̀kan nínú wa ní “sísán” ni ó bá gírámà mu. A lè rí ìsán mẹ́ta lára àwo. Ta ni ó lè ka sísán mẹ́ta? Ohun tí a kò lè kà, báwo ni a ṣe fẹ́ ṣírò rẹ̀? Kíkà ni Gutenberg àti Richter, àwọn onímọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀, ka ìmìtìtì ilẹ̀ Kalifọ́níà, tí wọ́n fi rí i pé bí ìwọ̀n agbára ìmìtìtì bá fi ipele kan sọ̀kalẹ̀, iye wọn a fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ní 1968, Scholz, onímọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ mìíràn, tẹ òkúta nínú yàrá ìwádìí, ó ka ìsán kéékèèké tí ń dún nínú rẹ̀, irú òfin kan náà ni ó sì bá níbẹ̀. Nítorí náà, kí “ìsán” jẹ́ ti ojú ibi tí ó là, kí “fífọ́” jẹ́ ti ìṣẹ̀lẹ̀ náà. “Àfọ́kù” sì ti wà nílẹ̀ kí a tó bí wa.

“Ẹlẹgẹ́” tí àwọn kan ń lò fún irú nǹkan bí òkúta àti gíláàsì kò tọ́, nítorí Olúmọ kì í ṣe ẹlẹgẹ́. Àbá tèmi ni “àfọ́mátẹ̀”, tí mo fi àwímáyẹhùn ṣe àwòkọ́ṣe: ohun tí ń fọ́ láìkọ́kọ́ tẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n wa lórí fóònù, wọ́n ní ohùn àárín ni ó yẹ kí ó fi bẹ̀rẹ̀, bíi ti afọ́jú. Mo ṣì dúró lórí “à”, ṣùgbọ́n ẹ lè dájọ́ ìyẹn. “Ìṣẹ́” ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ yọ kúrò kí àkójọ ọ̀rọ̀ náà tó dé ọwọ́ àwọn olùkọ́.