Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: oníbàárà ò fẹ́ dúró de ẹja yíyan

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi àti àbúrò mi la jọ ń yan ẹja àti adìyẹ nínú ọkọ̀ kóróòpe kan tá a yọ àga inú ẹ̀, l'Ẹ̀pẹ́ níbí. Ọjà Olúwo la ti ń ra ẹja àrọ̀, ààyè ni, torí náà ọ̀rọ̀ pé ẹja bàjẹ́ ò sí níbẹ̀. Ìdúró ló ń bí àwọn èèyàn nínú.

Ẹja tó bá tóbi kì í tètè jinná lórí èédú. Tá a bá fẹ́ná mọ́ ọn jù, awọ á ti jó, ẹ̀jẹ̀ á ṣì wà lára egungun. Àbúrò mi ní ká máa yan án sílẹ̀, ká kàn máa gbé e gbóná. Èmi ò fara mọ́ ọn. Á ti le bíi pákó. Lọ́jọ́ Sátidé, bọ̀dá kan ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ pẹja náà lọ́sà ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àmọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá tiwọn lọ.

Àwọn kan á pè pé ká ti gbé tàwọn kaná, a ó retí wọn tì. Tí mo bá ní kí wọ́n fowó ránṣẹ́ ṣáájú, wọ́n á ní mo ń ṣakọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú òwò yìí, ṣé ìdajì owó lẹ máa ń kọ́kọ́ gbà? Àbí ká la ẹja sí méjì kí iná lè tètè wọ̀ ọ́? Tá a bá bọ̀ ọ́ díẹ̀ ká tó yan án ńkọ́, ṣé ata ṣì máa wọnú ẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà á náà, ìṣẹ́jú mélòó lẹ lè fara dà?