Pínpín kọ́, àjọwò ni: lórí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún fídíò orin àti ẹ̀fẹ̀ tí a ń fi ránṣẹ́ síra wa

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín o.

Mo ti fara balẹ̀ ka gbogbo ohun tí a ti kọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lórí ìbéèrè tí bọ̀dá wa tó ń gbé ní London gbé síwájú wa. Bí ẹnì kan bá rí fídíò orin tàbí ti ẹ̀fẹ̀ lórí ayélujára, tí ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí òun àti wọn jọ fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí ni Yorùbá yóò máa pe ohun tí ó ṣe yẹn? Bọ̀dá fúnra wọn dábàá "pín", wọ́n sì dábàá "fídíò àjàkálẹ̀" fún èyí tí ó bá ti dé ọwọ́ tèwe tàgbà. Màmá wa tó jẹ́ olùkọ́ èdè fara mọ́ "pín", wọ́n sì fi "alábàápín" inú Bíbélì gbè é lẹ́sẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, ìdí rẹ̀ ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé.

Ohun tí a bá pín ní èdè Yorùbá máa ń dín kù lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Bí a bá pa àgbò Iléyá, a ó pín in: itan kan ń lọ sí ilé àna, igẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ilé, ohun tí ó bá sì ti kúrò nínú agbada wa ti kúrò. Ogún ni à ń pín, ilẹ̀ ni à ń pín, èrè òwò ni à ń pín, gbogbo wọn ló sì ní ìwọ̀n tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi fídíò sákárà oníṣẹ́jú méjì ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn, tèmi ṣì wà lódidi lórí fóònù mi, kò dín ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ṣakí pé mo fẹ́ pín fídíò kan fún wọn, ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ta lo wá fẹ́ fún ní ìyókù?" Ẹ̀gbọ́n mi kò ka ìwé èdè kankan, ṣùgbọ́n Yorùbá tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, "share", ní ìtumọ̀ méjì nínú: kí a gé nǹkan, àti kí a jọ gbádùn nǹkan. Èyí tí ó ń gé nǹkan nìkan ni "pín" lè gbé.

Màmá yóò ní, "Alábàápín ńkọ́?" Òótọ́ ni pé ìwé Hébérù orí kẹta ẹsẹ 14 pè wá ní alábàápín pẹ̀lú Kristi, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé Kristi dín kù nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà wò. "Bá" ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìrẹ́pọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe "pín". Ẹ mú "pín" kúrò, kí ẹ sì rí bí ìrẹ́pọ̀ náà yóò ṣe dúró síbẹ̀: bá mi yọ̀, bá mi kẹ́dùn, bá mi gbé e, bá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ wá mú "bá" kúrò nínú "alábàápín", ohun tí yóò kù lọ́wọ́ yín ni ẹni tí ó ń gé ẹran. Nítorí náà, bí a bá ń wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí àwọn olólùfẹ́ ń ṣe láàárín ara wọn, ìdí "bá" àti "jọ" ni ó yẹ kí a ti wá a.

Kí n tó dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti ní nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà, ìyẹn ni "àtagbà". Ẹni tí ó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń da kankéré sórí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yóò ti rí i. Àwọn lébìrà á tò láti ìdí kankéré tí wọ́n pò sílẹ̀ dé orí àkàbà. Ẹni ìsàlẹ̀ á gbé páànù sókè, ẹni àárín á gbà á mọ́ àyà, á sì nà án sí ẹni òkè, páànù òfìfo á sì máa já bọ̀ láti òkè bí ẹni pé ó mọ̀nà fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń wo inú páànù. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè pé ta ló po kankéré náà tàbí pé ṣé sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ pé. Bí ó ti ń tọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ fídíò lórí WhatsApp gan-an nìyẹn, débi pé ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní láti fi ọwọ́ dè é: ní oṣù kìíní ọdún 2019, wọ́n ṣe é kí ènìyàn má lè ta nǹkan látagbà sí ibi tó ju márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ó sì di oṣù kẹrin ọdún 2020, ohun tí ó bá ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá kò lè lọ ju ibì kan ṣoṣo lọ lẹ́ẹ̀kan, kí irọ́ má baà máa sáré ju òótọ́ lọ. Àmì ọfà méjì tí ó máa ń wà lókè irú fídíò bẹ́ẹ̀, mo dábàá pé kí a máa pè é ní "àtagbà léraléra", kí ọlọ́fà kan sì jẹ́ "àtagbà" lásán.

Àtagbà dára, ó sì tọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni bọ̀dá wa béèrè. Olólùfẹ́ kì í ta látagbà. Ó máa ń ṣà ni. Ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo rí fídíò bàbá onígòjé kan níbi ìkómọ, nínú àwọn tí ń kọrin ní ìlànà sákárà tí Yusuf Ọlátúnjí fi sílẹ̀ fún wa nígbà tí ó papò dà ní ọdún 1978. Orin ń lọ, igbá ń dún, ni ewúrẹ́ kan bá rọra rìn wọ àárín agbo, ó dúró síwájú bàbá náà, ó ń wo gòjé. Bàbá kò dáwọ́ dúró. Ó kàn yí okùn gòjé padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí i fi ohùn rẹ̀ ké bí ewúrẹ́, "mè-è-è", ewúrẹ́ náà dá a lóhùn, ó tún fi gòjé fèsì, àwọn onílù sì gbé ohùn méjèèjì yẹn sórí ìlù láìjẹ́ kí orin já. Mo wò ó tó ìgbà mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó, tí mo ro ẹni tí ó lè mọ adùn rẹ̀, mo sì fi í ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́fà péré: ọ̀kan ní Ìsẹ́yìn, ọ̀kan ní Peckham ní London, mẹ́rin ní Ìbàdàn. Kí alẹ́ tó lẹ́, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti fèsì, ẹni Peckham sì ti ká ẹ̀rín ara rẹ̀ sílẹ̀ fún wa gbọ́. Ta ni yóò pe ìyẹn ní pínpín?

"Àjọwò" ni mo pè é. Àjọ- kì í ṣe àlejò nínú èdè wa: àjọjẹ, àjọbí, àjọṣe, àjọgbé, gbogbo wọn ni ọmọdé gan-an mọ̀. Fídíò tí mo bá ṣà fún yín ni àjọwò, "mo ní àjọwò kan fún yín". Ẹni tí a bá sì jọ ń wò ó ni alájọwò mi, gẹ́gẹ́ bí alájọbí àti alájọgbé. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò bi mí pé báwo ni a ṣe lè jọ wo nǹkan nígbà tí olúkúlùkù wà nínú yàrá tirẹ̀, tí ẹnì kan wò ó ní òwúrọ̀, tí ẹnì kejì sì wò ó ní ọ̀gànjọ́. Ìdáhùn mi ni "àjọbí": ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jẹ́ àjọbí, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́wàá lè wà láàárín ọjọ́ ìbí wọn. Ohun tí wọ́n jọ ní ni "jọ" ń tọ́ka sí, kì í ṣe wákàtí. Ọ̀rọ̀ náà tún gbé òfin ẹgbẹ́ wa lọ́wọ́, nítorí pé àwọn bàbá wa ti sọ pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Nínú ẹgbẹ́ olólùfẹ́ sákárà tí mo wà, ẹni tí ó bá ń wò lójoojúmọ́ láìgbé tirẹ̀ wá ni wọ́n máa ń pa òwe yẹn fún.

Lórí "fídíò àjàkálẹ̀", n kò ní pẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú fídíò bẹ́ẹ̀ ní "viral", wọ́n fi kòkòrò àrùn ṣe àfiwé, ìyẹn jẹ́ tiwọn. Ní èdè wa, ṣọ̀pọ̀ná ló ni àjàkálẹ̀. Ní ọdún 2020, òun ni ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ lórí rédíò nígbà tí wọ́n bá ń ka iye àwọn tí Kòrónà pa. N kò lè fi ọ̀rọ̀ yẹn pe orin tí ó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ẹ wo ohun tí àwọn oníròyìn wa ti ń sọ láìsí pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún wọn: fídíò náà ń jà rànyìn, ó gbòde, ó gba ìgboro kan. Nígbà tí fídíò olórin Kòríà nì, PSY, di àkọ́kọ́ tí iye ìgbà tí a wò ó lórí YouTube pé bílíọ̀nù kan ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, ó jà rànyìn ni. Bí a bá fẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, kí a pè é ní "ajàrànyìn".

Ẹnì kan nínú wa tún ta ko "fọ́nrán" fún fídíò kékeré, pé kò sí fọ́nrán kankan nínú fóònù. Òótọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ lo kásẹ́ẹ̀tì yóò rántí bí fọ́nrán dúdú inú rẹ̀ ṣe máa ń lọ́ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, tí a ó rọra fà á yọ, tí a ó ki bíró bọ ihò rẹ̀, tí a ó sì máa yí i títí yóò fi ká padà. Fọ́nrán yẹn ti lọ, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò jẹ̀bi. Títí di òní, akọrin tí kò fọwọ́ kan rẹ́kọ́ọ̀dù rí ń "gbé àwo jáde", kò sì sí ẹni tí ó ń béèrè àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó ń dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà dá sílẹ̀ ni pé ìwà tí nǹkan ń hù sí ènìyàn ni wọ́n ń wò. Wọ́n rí àpótí tí ó ń sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè dá lóhùn, wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ènìyàn ṣe wá ọ̀nà fèsì: ìlù gángan tí ilé iṣẹ́ rédíò fi ń ṣí ètò ní Ìbàdàn, tí ó ń fi ohùn ìlù pe orúkọ ilé iṣẹ́ náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n túmọ̀ sí "Bólúbàdàn bá kú, ta ni yóò jọba?", tí ọmọdé sì ń kọ ọ́ kiri àdúgbò. Orin ni, ẹ̀fẹ̀ ni, a sì jọ gbádùn rẹ̀ kí ayélujára tó dé.

Ẹ jọ̀wọ́, kí a má pa ẹ̀fẹ̀ pọ̀ mọ́ yẹ̀yẹ́ nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí a ń ṣe yìí. Ẹ̀fẹ̀ ní agbo, ó ní ohùn, ó sì ní ẹni tí ó dúró tì í. Ní ilẹ̀ Kétu, òru Ẹ̀fẹ̀ nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́ lórin sí ìlú lójú gbogbo ayé. Adẹ́rìn-ínpòṣónú tí ó bá ká eré rẹ̀ sílẹ̀ ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó yọ̀ ṣubú lọ́jà pẹ̀lú igbá tòmátì rẹ̀, tí ẹnì kan ká a sí fóònù láìgbàṣẹ, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ṣe. Àtagbà ni irú rẹ̀ máa ń jẹ́. N kò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni ṣà á fún ẹni tí ó fẹ́ràn.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, mo dán ọ̀rọ̀ náà wò. Mo fi fídíò onígòjé yẹn ránṣẹ́ sí àwọn méjì mìíràn tí wọn kò mọ̀ nípa ìjíròrò wa yìí, mo sì kọ "àjọwò" sí abẹ́ rẹ̀, n kò fi nǹkan kan kún un. Ẹnì kejì wọn, bàbá kan ní Ìlóbùú, kò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n fèsì pé, "Àjọwò yìí dùn o, tèmi náà ń bọ̀ lálẹ́." Nígbà tí ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́, fídíò oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mẹ́ta wọlé.