Ajá ń họra tọ̀sán-tòru: kí la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí a tó fi oògùn kàn án?

Alájá_Mọ́níyà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin alájá. Akọ ajá, àdàlù Alsatian àti ajá ìbílẹ̀, ọmọ ọdún méjì, 24 kg. Láti ìgbà tí òjò ti dé ló ti ń họra. Ìdí ìrù ló ń fi eyín já jù. Irun ibẹ̀ ti ń re, awọ ibẹ̀ ti dúdú, ó sì ti le. Ó tún máa ń lá àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ iwájú. Ìrẹsì àti orí páńlá ló ń jẹ lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ adìyẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Orí àpò ìrẹsì ló ń sùn lẹ́yìn kíṣínì, ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun la sì fi ń wẹ̀ ẹ́. Ohun mẹ́ta làwọn èèyàn dá lábàá: pé ẹja ni ká yọ; pé ká ra ivermectin (abẹ́rẹ́ apakòkòrò) ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ká gún un ní 2 ml; pé ká fi ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò, pa á lára. Èwo ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá_Bíńgò

Kẹ́nikẹ́ni tó sọ nǹkan míì: ẹ má fi kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù kàn án o! Àwọn tó ń lò ó rí i pé kòkòrò kú, wọn ò rí èyí tí ajá lá wọ inú. Ìdọ̀tí irin tó wà nínú ọ́ìlì yẹn, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń bá jà, awọ tó ti bó tẹ́lẹ̀ á sì tún jóná sí i.

Òtapíápíá ńkọ́? Òun ló burú jù. Ajá tí wọ́n bá wọ́n ọn sí lára, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ẹyinjú rẹ̀ há bí ojú abẹ́rẹ́, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ajá tó ń gbọ̀n kì í lè gbé e mì dáadáa, epo á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ wọ rọ́bà sọ́wọ́, ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ ṣan ara rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran tó ní atropine, oògùn tó ń gbógun ti májèlé yẹn, kíá.

Dókítà_Ẹran_Sàngó

Alájá Mọ́níyà, ẹ kú àfaradà. Ibi tó ń yún ajá ló sábà máa ń sọ ohun tó ń yún un. Ìdí ìrù, ìbàdí àti ẹ̀yìn itan: flea ni, kòkòrò pẹlẹbẹ aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn tó máa ń ta pọ́n-ún bí ẹ bá ní kí ẹ mú un. Bèbè etí, ìgúnpá àti abẹ́ ikùn: kúrúnà ajá. Ọmọ ìka ẹsẹ̀, abíyá, inú itan àti inú etí: àlẹ́jì, bóyá ti oúnjẹ, bóyá ti eruku tàbí koríko. Tiyín jọ ti flea, ó sì tún jọ ti àlẹ́jì, àmọ́ ibi tó ti ń já ara rẹ̀ jù ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá òòyà eléyín wẹ́wẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń yọ iná lórí ọmọdé. Ẹ fi ya irun láti ìbàdí wá sí ìdí ìrù lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí ẹ gbọn ohun tó bá bá a wá sórí tíṣù funfun tí ẹ ti rẹ sínú omi. Ẹ dúró ìṣẹ́jú kan. Bí àwọn èérún dúdú yẹn bá ń ṣe òrùka pupa yíká ara wọn, ẹ̀jẹ̀ ajá yín ni, tí flea mu tó sì yàgbẹ́ rẹ̀. Bó bá dúdú síbẹ̀, erùpẹ̀ lásán ni. Ẹ má retí pé ẹ máa rí flea rẹpẹtẹ o. Ajá tí itọ́ flea ń ṣe ní àlẹ́jì máa ń fi eyín wá wọn, ó sì máa ń gbé wọn mì. Ẹyọ kan tó bá bù ú jẹ tó láti mú un họra fún ọjọ́ mélòó kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di bèbè etí rẹ̀ mú, kí ẹ máa fi ìkejì ra ìkíní fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbéra tó ń họ afẹ́fẹ́, ẹ fura sí kúrúnà. Bí ara bá tún ń yún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé e, ní ọrùn ọwọ́ tàbí ní ikùn, ẹ fura jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó ń ràn.

Bó bá jẹ́ flea, oògùn ara ajá nìkan kò lè parí ẹ̀. Èyí tó wà lára rẹ̀ kéré sí èyí tó wà nílẹ̀: ẹyin ń já bọ́ sórí àpò ìrẹsì yẹn, ó ń di ìdin, ìdin ń hun àpò bí òwú yíká ara rẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń fọ́n kì í wọ inú àpò yẹn. Ìdí rèé tí ẹ fi máa rí flea tuntun lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹ ó rò pé wọ́n ta ayédèrú fún yín. Ẹ sun àpò ìrẹsì náà. Ẹ tẹ́ aṣọ tí ẹ lè fi omi gbígbóná fọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ gbá ẹ̀yìn kíṣínì lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí oòrùn pa ibẹ̀. Ìdin flea kì í gba oòrùn àti ọ̀gbẹlẹ̀. Ní ti ajá, oògùn oníhóró bí afoxolaner (oṣooṣù) tàbí fluralaner (ọ̀sẹ̀ 12) dára gan-an, kí ìwọ̀n rẹ̀ sì bá 24 kg mu. Ajá tí gìrì bá ti ń gbé rí, kí dókítà mọ̀ kẹ́ ẹ tó fún un. Oṣù mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ṣe é láìdá dúró, fún gbogbo ajá inú ilé. Bí ológbò bá wà, ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun tó ní permethrin (oògùn apakòkòrò kan) kàn án. Ó lè pa á.

Ẹ jáwọ́ nínú ọṣẹ ìfọṣọ yẹn pátápátá, ó ń bó òróró awọ dànù ni. Ṣampúù oní-chlorhexidine (oògùn apakòkòrò àrùn) 2% sí 4% ni kẹ́ ẹ lò, omi tútù, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 gbáko ni kó fi wà lára rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣàn án kúrò. Ibí yìí gan-an ló ti ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn: wọ́n á fi pa, wọ́n á ṣàn án lójú ẹsẹ̀, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Ẹ nù ún gbẹ, pàápàá àárín ọmọ ìka.

Ọdẹ_Orí_Òkè

Ẹ jẹ́ ká ṣírò 2 ml yẹn. Ivermectin 1% ní 10 mg nínú 1 ml, màlúù ni wọ́n ṣe é fún: 1 ml fún 50 kg. Ìwọ̀n tí dókítà máa ń lò fún kúrúnà ajá jẹ́ nǹkan bí 0.2 mg fún kìlò kan. 24 kg lọ́nà 0.2 jẹ́ 4.8 mg, ìyẹn kò tó 0.5 ml. 2 ml á di ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀. Ajá míì á yè é, àmọ́ àwọn ajá irú Collie (ajá tí wọ́n fi ń da àgùntàn), àti díẹ̀ nínú Alsatian, kò ní ààbò tó ń lé oògùn yìí kúrò nínú ọpọlọ. Á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ojú rẹ̀ á fọ́, ó lè sùn kó má jí. Tiyín ní Alsatian lára, nítorí náà ẹ má gún un nílé.

Bí dókítà bá sì gún un, ẹ má ṣe jẹ́ kó parí síbẹ̀. Oògùn náà kì í pa ẹyin. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ń tún un ṣe.

Alájá_Mọ́níyà

Ẹ ṣeun gan-an. Tíṣù pọ́n, ó pọ́n dáadáa. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò gbéra nígbà tí mo ra etí. Ṣé kí n yọ ẹja náà pẹ̀lú? Piriton ńkọ́?

Dókítà_Ẹran_Sàngó

Ẹ má tíì yọ ẹja. Bí ẹ bá yí oúnjẹ padà lọ́jọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn flea, tí ara rẹ̀ bá wá yá, èwo lẹ máa ní ó ṣe é? Ẹ fún oògùn flea ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó fi ṣiṣẹ́. Bí ìdí ìrù bá gbẹ tó sì ṣì ń lá ẹsẹ̀, ìgbà yẹn ni ká dán oúnjẹ wò: ẹran kan tí kò jẹ rí, bí ehoro, pẹ̀lú iṣu tàbí ọ̀dùnkún sísè, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kò gbọdọ̀ sí Maggi, kò gbọdọ̀ sí àlùbọ́sà (májèlé ni fún ẹ̀jẹ̀ ajá), eegun àwọn aládùúgbò àti bísíkíìtì ọmọdé náà kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dá ẹja nìkan padà, kí ẹ ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 14. Ká sòótọ́, màlúù, adìyẹ, wàrà àti àlìkámà ló máa ń fà á ju ẹja lọ. Ọmọ ajá tó ṣì ń dàgbà kì í jẹ irú oúnjẹ yìí láìjẹ́ pé dókítà tò ó.

Piriton (hóró 4 mg): méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́ fún 24 kg. Ó máa ń mú un sùn, ajá díẹ̀ ló sì ń ràn lọ́wọ́ ní tòótọ́. Ẹ má lo oògùn ọ̀fìnkìn alápòpọ̀ o, pseudoephedrine tàbí paracetamol, tó lè ṣe ajá ní jàǹbá, lè wà nínú rẹ̀. Prednisolone (oògùn sitẹ́rọ́ìdì) máa ń dá ara yíyún dúró láàárín ọjọ́ kan, ibẹ̀ gan-an ni pàkúté rẹ̀ wà: ó ń bo àìsàn mọ́lẹ̀, kúrúnà lè tàn kálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n bá sì pa á pọ̀ mọ́ diclofenac (oògùn ara ríro) ó ń dá ikùn lu. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ti yẹ ajá náà wò.

Awọ dúdú tó le yẹn, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn kíkan bí ògì tó ti pẹ́, olú kékeré tó ń gbé inú òróró awọ ti wà níbẹ̀ nìyẹn, ẹ má tún fi àdín tàbí òróró àgbọn bọ́ ọ. Dókítà á fi sẹ́lótéèpù tẹ ibẹ̀, á wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù. Kì í pẹ́, kì í sì í dun ajá.

Ìyá_Bíńgò

Ohun kan kù. Oògùn kì í ṣiṣẹ́ bí eyín kò bá kúrò níbẹ̀. Ẹ gé ìdí ike kọ́sítádì ńlá, ẹ lẹ téèpù mọ́ etí ibi tí ẹ gé kó má ha á lọ́rùn, ẹ lu ihò mẹ́rin, kí ẹ fi okùn so ó mọ́ bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀. Kí ẹnu ike kọjá imú rẹ̀ ní íńṣì méjì. Bó bá kúrú, á ṣì dé ìdí ìrù. Ìka méjì yín gbọ́dọ̀ wọ àárín ike àti ọrùn. Ẹ yọ ọ́ tó bá fẹ́ jẹun. Tí ojú ibì kan bá ń ṣomi, ẹ gé irun yíká rẹ̀, ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́: ṣíbí tíì kan iyọ̀ nínú ìdajì lítà omi tí ẹ ti sè tó ti tutù.