Ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé ń yọ lára ère Nataraja lẹ́yìn tí mo fi àjàgbọn àti iyọ̀ fọ̀ ọ́

Òṣíbàtà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa idẹ. Ère méjì ló wà lórí pẹpẹ wa: Nataraja kan (Shiva, òrìṣà àwọn Hindu, níbi tó ti ń jó) tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 28, tí wọ́n ṣe ní Swamimalai ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní Íńdíà, àti Ganesha kékeré kan (òrìṣà Hindu olórí erin) láti Aligarh, ìlú kan ní àríwá Íńdíà. Mo fi àjàgbọn àti iyọ̀ fọ méjèèjì, wọ́n sì dán yinrin. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níbi tí ẹsẹ̀ Nataraja ti tẹ aràrá kan mọ́lẹ̀, àti láàárín àwọn ọwọ́ iná tó yí i ká. Mo nù ún, ó tún padà wá. Ikùn Ganesha ní tirẹ̀ pọ́n bíi bàbà. Gbogbo ọjọ́ Ajé la máa ń fi wàrà àti oyin wẹ Nataraja. Ṣé idẹ tí kò dáa ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró fún, torí àwọn ọmọ ń bi mí, mi ò sì fẹ́ sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Atọ́jú-ère:
Idẹ yín ò ní àléébù kankan. Iyọ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ká ní àjàgbọn nìkan lẹ lò, tí ẹ sì ṣan án dáadáa, dúdú ojú rẹ̀ ni ì bá ṣí kúrò, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n klóráìdì tó wà nínú iyọ̀ máa ń sá wọ kọ̀rọ̀ tí omi ìṣan ò dé. Tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti bá a níbẹ̀, á máa jẹ bàbà tó wà nínú idẹ náà díẹ̀díẹ̀, á sì máa sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Ìdí nìyẹn tí nínù ò fi ràn án.

Ẹ fi ọwọ́ kan àwọ̀ ewé náà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Èyí tó le, tó lẹ̀ típẹ́típẹ́, tí èékánná ò lè họ, kò léwu. Ọjọ́ orí ló mú un wá. Èyí tó ṣì rọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, tó ń bọ́ sọ́wọ́ bí àtíkè, òun lẹ ní láti lé jáde.

Ẹ gbé Nataraja sórí aṣọ ìnura tó nípọn. Ẹ fi igi ìtayín àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ gbọn ìyẹ̀fun náà kúrò ní gbígbẹ, kí omi tó kàn án. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí kànrìnkàn onírin kàn án: idẹ rọ̀ ju irin lọ, ìlà tí wọ́n bá fà sí i lára kì í lọ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ rì í sínú omi distilled (omi tí wọ́n sè, tí wọ́n sì gba oru rẹ̀). Kì í ṣe omi ẹ̀rọ o, torí klóráìdì wà nínú ìyẹn náà. Kí ó wà níbẹ̀ fún wákàtí 24, kí ẹ máa pààrọ̀ omi ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà. Tó bá jáde, ẹ fi aṣọ òwú nù ún, kí ẹ wá fi ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun fẹ́ atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i fún bí ìṣẹ́jú 10. Ibi tí omi máa ń fara pamọ́ sí jù ni abẹ́ ọrùn aràrá yẹn àti ìdí ọwọ́ iná kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má tíì kun ún ní nǹkan kan. Ẹ gbé e ka orí bébà funfun fún ọjọ́ 14. Bí ìyẹ̀fun bá tún já sórí bébà náà, klóráìdì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tún un rì. Bí bébà bá mọ́ ni kí ẹ tó fi ìda pa á lára: ìda microcrystalline (ìda tí wọ́n ń rí láti inú epo rọ̀bì) tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan ti tó fún ère tó ga báyẹn. Ẹ mú kí ara ère lọ́ díẹ̀, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ́ ìda náà pẹlẹbẹ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì fi aṣọ mìíràn nù ún títí á fi dán. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà lẹ ó máa tún un ṣe.

Ohun tó mú ikùn Ganesha pọ́n ni pé bàbà àti sinkì ni wọ́n pò tó di idẹ. Tí nǹkan kíkan bá pẹ́ lára rẹ̀, sinkì ló máa ń kọ́kọ́ sá jáde, bàbà nìkan ni yóò sì ṣẹ́kù lójú. Èyí kò jinlẹ̀. Ìpara ìdán-idẹ tí kò ní ammonia (kẹ́míkà kan tó ní òórùn líle), tí ẹ fi aṣọ rírọ̀ fà fẹ́ẹ́rẹ́, á mú un kúrò. Mo tẹnu mọ́ ammonia torí pé ó lè la idẹ sí wẹ́wẹ́, pàápàá níbi tí wọ́n ti fi òòlù tẹ̀ ẹ́.

Rírì sínú omi yìí, ère tí inú rẹ̀ dì nìkan ló wà fún. Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó ṣófo nínú àwọn méjèèjì.

Àgbàọ̀nà:
Ẹ jẹ́ kí n mú un níbẹ̀. Tí Nataraja yẹn bá jẹ́ ti Swamimalai lóòótọ́, inú rẹ̀ á dì. Ìda oyin ni wọ́n fi ń ya ère níbẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ oje igi kungiliyam àti epo ẹ̀pà díẹ̀. Ẹrẹ̀ kíkúnná létí odò Kaveri ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń bò ó. Òun ló ń gba àmì èékánná àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Amọ̀ líle á tẹ̀ lé e, á gbẹ níbòòji, wọ́n á fi iná yọ́ ìda jáde, wọ́n á sì da idẹ yíyọ́ sípò rẹ̀. Wọ́n ní láti fọ́ amọ̀ náà kí ère tó jáde, ìdí nìyẹn tí méjì kì í fi í jọra tán. Àdàlú mẹ́táàlì márùn-ún ni àṣà wọn ń pè ní panchaloha: bàbà ló pọ̀ jù, wọ́n á fi idẹ tàbí sinkì àti òjé sí i, àti fàdákà òun wúrà tín-ńtín.

Aligarh àti Moradabad, ìlú méjì ní àríwá Íńdíà, yàtọ̀. Iyanrìn ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpótí ìdàdẹ níbẹ̀, púpọ̀ nínú ère wọn ló sì ṣófo láti ìsàlẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ fi lè mọ̀: ẹ wọn ère náà sórí òṣùwọ̀n ní gíráàmù. Ẹ rọ omi kún ike títí dé etí, ẹ fi okùn sọ ère náà kalẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ sì gba omi tó bá ṣàn jáde, kí ẹ wọ̀n ọ́n ní mìlílítà. Ẹ fi omi yẹn pín ìwọ̀n rẹ̀. Tó bá tó 8.4 sí 8.8, inú rẹ̀ dì. Tó bá wálẹ̀ púpọ̀, ó ṣófo. Tí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin tí wọ́n fi idẹ bò ni. Tí ẹ bá rí ihò nísàlẹ̀, ẹ má rì í rárá.

Òṣíbàtà:
Ẹ ṣé gan-an ni. Nataraja: gíráàmù 3,570, omi tó ṣàn jáde jẹ́ mìlílítà 420, ìyẹn 8.5. Òòfà ò lẹ̀ mọ́ èyíkéyìí. Ganesha ní ihò nísàlẹ̀, iyanrìn dúdú sì ń dà níbẹ̀. Mo tún rí nǹkan kan tó ń ṣí létí ìjókòó rẹ̀, ó tín-ínrín bí awọ àlùbọ́sà.

Atọ́jú-ère:
Fáníìṣì nìyẹn. Níbi tó ti ṣí, afẹ́fẹ́ ń wọ abẹ́ rẹ̀, ìdọ̀tí dúdú á sì máa rìn bí gbòǹgbò níbi tí aṣọ ìnù yín ò lè dé. Ẹ má fi ìpara ìdán-idẹ sórí rẹ̀ báyìí. Ẹ kó o kúrò pátápátá: ẹ rẹ òwú sínú acetone (irú èyí tí wọ́n fi ń yọ ọ̀dà èékánná), ẹ ṣí fèrèsé, ẹ pa gbogbo iná tó wà nítòsí títí kan àtùpà pẹpẹ, kí ẹ sì máa nù ún díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbọn iyanrìn inú rẹ̀ dànù. Láti ìsinsìnyí lọ, aṣọ tí wọ́n fún gbẹ ni kí ẹ máa fi nù ún; omi tó bá wọ ihò yẹn á jókòó sínú iyanrìn, á sì máa jẹ idẹ láti inú wá.

Ìmọ́lẹ̀Idẹ:
Ní ti àwọn ọwọ́ náà, apá ọ̀tún ti ère fúnra rẹ̀ ni mo ń pè ní ọ̀tún, kì í ṣe ti ẹni tó ń wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀yìn di damaru mú, ìlù kékeré olójú méjì: ìró rẹ̀ ni ìṣẹ̀dá fi bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì ẹ̀yìn gbé iná, èyí tí ó ń pa ohun tó ti wà rẹ́. Ọ̀tún iwájú ṣí àtẹ́lẹwọ́ síta: ẹ má bẹ̀rù. Òsì iwájú gba iwájú àyà kọjá bí ọwọ́jà erin, ó ń tọ́ka sí ẹsẹ̀ òsì tó gbé sókè, ibi tí olùfọkànsìn ń sá di. Aràrá abẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún ni Apasmara, tí àwọn Tamil ń pè ní Muyalakan: àìmọ̀kan ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wò ó dáadáa, kò kú. Nataraja tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, ijó náà ni kò jẹ́ kó dìde.

Ẹ tún fi yẹtí rẹ̀ hàn wọ́n. Ti ọ̀tún jẹ́ ti ọkùnrin, ti òsì jẹ́ ti obìnrin, torí akọ àti abo wà nínú Shiva. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ìpara ìdán-idẹ kọ́kọ́ máa ń jẹ. Ojú ère ni sthapati (oníṣẹ́ ọnà tó ń ṣe ère) máa ń là kẹ́yìn, ìlà rẹ̀ kò jìn rárá. Ẹ má fi ìpara kan ojú, etí àti ìka láéláé. Dúdú tó wà nínú àwọn ìlà yẹn ló ń jẹ́ ká rí wọn.

Àyíká ọwọ́ iná sábà máa ń dá dúró, ìṣó kékeré tàbí àtẹ̀bọ̀ (ẹnu kan tí wọ́n tẹ̀ bọ inú ihò) ló so ó mọ́ ìjókòó. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó rì í, torí ojú àtẹ̀bọ̀ yẹn gan-an ni iyọ̀ fẹ́ràn jù.

Ní ti wàrà àti oyin: wàrà ń kan, oyin náà kan díẹ̀, ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan sì ń fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú kọ̀rọ̀. Ìlànà ìsìn fúnra rẹ̀ ti pèsè fún un. Ní tẹ́ńpìlì àwọn ọmọlẹ́yìn Vishnu, òrìṣà Hindu mìíràn, ère ọ̀tọ̀ wà fún ìwẹ̀, snapana bera. Ní Tirumala, tẹ́ńpìlì Vishnu kan ní gúúsù Íńdíà, ère fàdákà kékeré ni wọ́n ń wẹ̀ lójoojúmọ́ dípò ère ńlá. Nínú ilé tiyín, lingam (àmì tó dúró fún Shiva) olókùúta kékeré kan lè máa gba wàrà àti oyin, kí Nataraja gba òdòdó àti àtùpà. Tó bá sì di dandan kí ẹ wẹ̀ ẹ́, kó má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ gbẹ ẹ́ tán kí ẹ tó fi kumkum (ìyẹ̀fun pupa tí wọ́n fi ń sàmì sí ère) kàn án.

Bí wọ́n bá ti ṣe prana pratishtha (ètò ìsìn tí wọ́n fi ń pe ẹ̀mí òrìṣà sínú ère) fún un, ẹ bá àlùfáà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbé e kúrò lórí pẹpẹ fún wákàtí 24 yẹn.

Àgbàọ̀nà:
Àfikún kan lórí ìda: ẹ má fi epo àgbọn rọ́pò rẹ̀. Ó ń dán lọ́jọ́ kìíní, ṣùgbọ́n èéfín àtùpà àti eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á gan pa, ẹ ó sì tún padà sídìí àjàgbọn.