Ọkọ̀ oníná ọ̀rẹ́ mi kò gba iná jẹnẹrétọ̀ wa

Ẹ kúuṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi fi ọkọ̀ oníná wá kí wa láti Ìbàdàn, ní abúlé wa lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Bátìrì ọkọ̀ ti ku ìdá 18 nínú 100, ọ̀túnla ló sì ń lọ. NẸ́PÀ kò mú iná wá láti ìjẹta.

A ki ṣájà bọ jẹnẹrétọ̀ 3.5 kVA wa: iná pupa kan ṣáà ń ṣẹ́jú, iná kò wọlé. A dín iná tí ṣájà ń fà kù sí áńpíà 6, a pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, pàbó ló já sí. Bẹ́ẹ̀ fíríìjì ń lò ó dáadáa.

Oníṣẹ́ iná wa ní jẹnẹrétọ̀ ni kò ní earth (wáyà tó so mọ́ ilẹ̀); ó fẹ́ so neutral (wáyà tí iná ń gbà padà) mọ́ ara irin jẹnẹrétọ̀ náà, kó gbá irin wọlẹ̀. Àyà mi ń já, nítorí ọkọ̀ àlejò mi ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé ìyẹn máa jẹ́ kí ṣájà gbà, láìba ọkọ̀ jẹ́?