Àbọ̀ lórí ọ̀dà pálọ̀ wa: kírímù la padà kùn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo bèèrè níbí nípa àwọ̀ tó yẹ pálọ̀ wa n'Íbàdàn, èyí tí fẹ́ǹsì aládùúgbò dí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé rẹ̀. Èmi fẹ́ àwọ̀ eérú, mọ́mì àwọn ọmọ fẹ́ àwọ̀ ewé.

Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni ti ẹni tó ní kí n kọ́kọ́ kun díẹ̀ sára ògiri, kí n máa wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Eérú tó wù mí nínú káàdì ọlọ́dà wá dà bíi sìmẹ́ǹtì tí ò tíì gbẹ. Àwọ̀ ewé dára lọ́sàn-án, àmọ́ tá a bá tan gílóòbù funfun lálẹ́, ńṣe ló ń jọ wọ́ọ̀dù ọsibítù. Kírímù nìkan ni kò yí padà. Òun la kùn, a fi funfun kun àjà. A kì í tanná lọ́sàn-án mọ́. (Ìyàwó mi ní òun ló borí, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó mú kírímù nínú wa!)

Ọ̀dà sátíìnì tí ẹ ní kí n lò nítorí ọwọ́ àwọn ọmọ ṣiṣẹ́ dé ààyè kan. Ó ṣeé fi aṣọ tútù nù lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń dán, gbogbo gegele ara ògiri ló hàn. Kí wọ́n síkíríìdì ògiri náà dáadáa, ìyẹn ni pé kí wọ́n rẹ́ ojú rẹ̀ kó tẹ́jú, kẹ́ ẹ tó kùn ún.

Ó ku ìsàlẹ̀ ògiri ẹ̀yìn, níbi tí omi ti ń fà gòkè láti ilẹ̀. Ọ̀dà tuntun ti ń bó níbẹ̀. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, a ó ha á kúrò, ká jẹ́ kó gbẹ, ká tún un rẹ́. Ẹ ṣeun gan-an.